Okùn Tí O Rí Lẹ́sẹ̀ Bọ̀ọ̀dá

Agbolé Agbẹ́kànga,
Ọ̀nà Ìrẹsà,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Kàmọ́rù, Àjàní mi,

Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mi ò ní kí ọ pẹ́ lónìí. Bí o bá rí i tí ìlà ìwé yìí ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, má rò pé ojú ló ń dùn mí. Ẹ̀rù ló bà mí. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí awakọ̀ tí o fi ìwé rán ti fi lé mi lọ́wọ́ ní gáréèjì Ọjà Igbó, ojoojúmọ́ ni mò ń tún un kà.

Ohun tí àwa mọ̀ nílé ni pé o rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ẹja ní Èkó. Bí o ṣe sọ ọ́ fún wa nìyẹn nígbà tí o wá kí wa gbẹ̀yìn. Èmi rò pé inú ilé ni o wà, pé o wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, pé ìwọ lò ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá yìnyín fún àwọn oníbàárà. Ìyá rẹ ti sọ fún gbogbo agbolé pé ọmọ òun ti di ọ̀gá àwọn tó ń ta òkú Èkó, pé kò ní pẹ́ tí ẹja dídì á fi kún ilé wa. Háà! Àṣé inú ọkọ̀ ojú omi lo wà! Àṣé orí òkun! Ọmọ tí a bí sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ọ̀yọ́, tó jẹ́ pé omi tó pọ̀ jù lọ tó wọ̀ rí láyé rẹ̀ ni omi inú ọpọ́n ìwẹ̀!

Mo ka ojú ewé kìíní, mo ń rẹ́rìn-ín. O sọ bí òkun ṣe ń mi ọkọ̀ yín, bí o ṣe ń bì fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, bí ẹja tí ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ rẹ̀ ṣe ń bọ́ sílẹ̀ láti inú àwọ̀n. Ojú ewé kejì, o sọ̀rọ̀ oúnjẹ, o sọ̀rọ̀ ibi tí ẹ ń sùn. Ìgbà tó wá ku díẹ̀ kí ìwé parí, lo wá kọ èyí, bí ẹni ń sọ fún wa pé òjò rọ̀ lánàá:

"Ọ̀kan nínú wa bá omi lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Okùn wáyà tí ẹ̀rọ fi ń wọ́ àwọ̀n ló kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Mo rí okùn náà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó fà le. Mo ní, 'Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ yín.' Bọ̀ọ̀dá tó wà níbẹ̀ pọ̀, kò mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí. A wá a títí, a ò rí i. Bàbá, ẹ̀bi mi kọ́, àbí? A máa padà sójú òkun lẹ́yìn Iléyá. Ẹ bá mi kí Ìyá."

Kàmọ́rù, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ irú rẹ̀ nìyẹn? Ènìyàn lọ sísàlẹ̀ òkun lójú rẹ, o ní kí n bá ọ kí Ìyá!

Sókè ni mo ti ń ka ìwé náà. Ìyá rẹ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo débẹ̀ ohùn mi wọlẹ̀. Ó ní, "Kí lẹ kà yẹn?" Mo ní mi ò ka nǹkan kan. Ó já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, bẹ́ẹ̀ sì ni kò mọ̀wé kà, ó ń yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni pé yóò rí ọ nínú rẹ̀. "Ẹ tún un kà!" Nígbà tí mo tún un kà, atẹ ẹ̀wà dà nù. Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ikúnlẹ̀ abiyamọ o! Kàmọ́rù kan ṣoṣo tí mo bí lọ́kùnrin!" Àwọn ará ilé rọ́ jáde. Wọ́n rò pé ìwọ lo kú. Mo ń sọ fún wọn pé o wà láàyè, wọn ò gbà mí gbọ́, nítorí ojú tí mo fi ń sọ ọ́ kò jọ ojú ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè.

Láti ọjọ́ náà, ẹja ò wọ ìkòkò ilé yìí mọ́. Bí ìyá ẹlẹ́ja bá ń kígbe kọjá, ìyá rẹ á ti ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń jẹ òkú Èkó, a ń bínú pé kò tóbi tó, a ò bi ara wa léèrè rí pé ta ló bọ́ sómi kó tó dé ọwọ́ wa. Ìyá rẹ ní kí n kọ gbólóhùn kan péré: kí o máa bọ̀ nílé lónìí. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú mi. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, ó ń ṣọ́ bírò ọwọ́ mi.

Mi ò mọ òkun, mi ò sì ní pa irọ́ fún ọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fojú rí i, mo sì kẹ̀yìn sí i kíá. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń gbẹ́ kànga. Mo mọ okùn. Mo mọ ohun tó ń jẹ́ pé ẹ̀mí ẹnì kan wà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Fi ara balẹ̀, kí o gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Èkíní. O kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n ń gbà yín síṣẹ́, wọ́n bi yín bóyá ẹ lè lúwẹ̀ẹ́, gbogbo yín sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ Kàmọ́rù, níbo lo ti kọ́ ọ? Nínú korobá? Mo mọ ohun tó mú ọ pa irọ́ náà. Iṣẹ́ ò sí, àwọn tó kàwé ń fi ìwé ẹ̀rí jókòó ti ìyá wọn nílé, ẹni tó bá sì ti rí ilẹ̀kùn tó ṣí díẹ̀, orí ló fi ń gbá a wọlé. Èmi náà ṣe é rí. Ṣé o rí ìka ọwọ́ òsì mi tó gé, tí mo máa ń sọ fún yín pé ejò ló bù ú jẹ? Irọ́ ni. Kò sí ejò kankan. Baálé ilé kan ní Ìrẹsà ló bi mí bóyá mo lè fọ́ àpáta nínú kànga. Mi ò fọ́ àpáta rí láyé mi. Mo ní, "Ẹ̀yin bàbá, ohun tí mo fi ń ṣeré nìyẹn." Ọ̀sẹ̀ kẹta, òòlù tí mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú ló fọ́ ìka náà mọ́ àpáta. Ojú tì mí láti sọ fún ìyá rẹ, ni mo bá wá ejò kan dá ọ̀ràn sí lọ́rùn. Ó ti ń pa ìtàn ejò yẹn fún àwọn àlejò láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀rín sì máa ń pa mí nínú. Lónìí tí mò ń kà á sókè bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó wo ìka mi, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ kú irọ́ o."

Nítorí náà, lọ bá ọ̀gá ọkọ̀ yín kí ẹ tó kúrò ní èbúté. Sọ fún un pé, "Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́." Bó bá fẹ́ bínú, kó bínú ní ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ̀wù tó ń léfòó tí o sọ pé ẹ fi kọ́ sára ògiri, tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀ nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, bọ́ ọ sọ́rùn. Ẹ̀rín kì í pani. Omi ní í pani.

Èkejì. O ní nítorí pé o tẹ́ẹ́rẹ́, ìwọ ni wọ́n máa ń rán sí ikùn ọkọ̀ níbi tí ẹja wà, láti lọ kó èyí tó ti bàjẹ́ jáde. O ní òórùn ibẹ̀ máa ń mú òòyì kọ́ ọ. Ọmọ mi, ṣọ́ra! Kànga tí wọ́n bá ti dé pa fún ìgbà pípẹ́, a kì í kàn wọ̀ ọ́. A ó tan fìtílà, a ó fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wọ̀ọ́. Bí iná náà bá kú, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, ìbáà ṣe pé òǹgbẹ ń gbẹ gbogbo ìlú. Wọ́n kọ́ mi, mo sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, nítòsí Ọjà Igbó, wọ́n fẹ́ sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń kán mi lójú, kẹrosíìnì ò sì sí nínú fìtílà mi. Mo ní kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mi ò tíì dé àárín kànga tí oorun kan tó dùn bá gbé mi. Oorun yẹn dùn, Kàmọ́rù, òun ni mo ṣe ń kìlọ̀ fún ọ. Kò dà bí ikú rárá. Ẹnìkejì mi tó di okùn mú ló rí i pé ọwọ́ mi ti dẹ̀, ló bá fà mí jáde bí ẹran. Nígbà tí mo lajú, mo bá ara mi nílẹ̀, omi ń ṣàn lójú mi, àwọn obìnrin ń pe orí mi.

Mi ò ní kí o tan iná nínú ọkọ̀ o, epo wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibi tí nǹkan bá ti ń jẹrà nínú ibi tí a dé pa, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lè pani. Kí ẹ ṣí i sílẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i dáadáa kí o tó wọ̀ ọ́. Kí okùn wà ní ìbàdí rẹ, kí ẹnì kan sì dúró lẹ́nu ihò tí kò ní lọ mu sìgá. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣubú síbẹ̀, má fò tẹ̀ lé e. Ìyọ́nú á ní kí o fò, má fò. Ẹni tó bá fò tẹ̀ lé e, òkú méjì ni wọn yóò gbé jáde.

Ẹ̀kẹta. Oorun. O ní bí ẹja bá ti pọ̀ ẹ kì í sùn. Ẹni tí oorun ń kùn kò gbọdọ̀ sún mọ́ okùn tó ń sáré. Má sì dúró sínú okùn tó ká sílẹ̀, bó ti wù kí ó rí bí ohun tó ń sinmi.

Mo ti kọ mẹ́ta. Mo fẹ́ kọ ẹ̀kẹrin, ìyá rẹ ní, "Ọmọ yìí bi yín ní ìbéèrè, ẹ ò tíì dá a lóhùn." Òótọ́ ló sọ. Mo ń sá fún un ni. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ti ń sá fún un.

O bi mí bóyá ẹ̀bi rẹ ni. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún ẹ̀dá kankan rí. Ìyá rẹ pàápàá, òun náà ń gbọ́ ọ nísinsìnyí fún ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Ṣé o rántí Ọ̀gá, bàbá arúgbó tó máa ń fi ọ̀pá rìn, tó máa ń wá jókòó síbí lọ́jọ́ Iléyá, tó máa ń fún ọ ní ẹran àyà? Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìrẹsà níbẹ̀ náà ló ti ṣẹlẹ̀, lọ́gbẹlẹ̀, nígbà tí mo tó ẹni ọdún méjìlélógún. Ọ̀gá wà nísàlẹ̀ kànga, ó ń gbẹ́ ẹ. Èmi wà lẹ́nu rẹ̀, mò ń fa korobá erùpẹ̀ sókè. Àwọn agbẹ́kànga àgbà méjì mìíràn jókòó sí òjìji, wọ́n wá ràn wá lọ́wọ́. Ọ̀gá ń pa ìtàn kan láti ìsàlẹ̀ wá, nípa àna rẹ̀ tó jí ẹyẹlé. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Mo wá wo ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Mo rí ìlà kan nínú iyẹ̀pẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú. Mo tún wò ó, ó ti fẹ̀ díẹ̀.

Kí ló yẹ kí n ṣe? Kí n figbe ta! Kí n ké títí ọ̀fun mi á fi bẹ́! Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, a kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Wọ́n sì ti sọ fún mi pé ọmọ iṣẹ́ kì í pariwo lé ọ̀gá rẹ̀ lórí. Bẹ́ẹ̀ ni mo lóṣòó, mo ń dúró kó mí. Mo ń wo ìlà yẹn, mo ń dúró kó parí ọ̀rọ̀ ẹyẹlé! Nígbà tó dánu dúró díẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú..." Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ni gbogbo wọn. Àwọn méjì tó wà lókè ní, "Kí ló dé?" Ọ̀gá tèmi nísàlẹ̀ rò pé àwọn ni mò ń pè, ó tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Kàmọ́rù, mi ò mọ̀ ọ́n! Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń jẹun nílé rẹ̀, mi ò mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ilẹ̀ ya.

Ó bò ó dé àyà. Láti òwúrọ̀ títí a fi gbọ́ ìpè ìrun ọ̀sán la fi ń hú u. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò tún tẹlẹ̀ dáadáa mọ́ títí ó fi kú. Ohun tó sì dùn mí jù nìyí: kò bá mi wí. Ó ń yìn mí! Gbogbo ibi tó bá dé ló ti ń sọ pé, "Mo gbọ́ ohùn Làmídì kí ilẹ̀ tó ya. Ẹ mọ̀ pé ó kọ́kọ́ tọrọ gáfárà? Ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn!" Àwọn ènìyàn á mi orí. Mo dákẹ́. Ìyìn yẹn ló mú kí wọ́n máa pè mí wá gbẹ́ kànga káàkiri. Ìyìn yẹn ló mú kí bàbá ìyá rẹ fún mi ní ọmọ. Orí rẹ̀ ni mo kọ́ ilé yìí lé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, wọ́n sọ ọ́ báyìí, ṣùgbọ́n tèmi, èmi dákẹ́, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló bá mi lọ.

Ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n. Mi ò kọ́ ọ. Kó má baà hàn sí mi pé ẹ̀kọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ènìyàn, ṣe ni mo tún fi kọ́ ẹ̀yin ọmọ mi láti kékeré. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ta ló ń kọ ọ́ létí rẹ láràárọ̀? Èmi ni.

Ṣé o rántí àkeekèé? Ó ṣeé ṣe kí o má rántí, o ò tíì pé ọdún márùn-ún. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo fa aṣọ lé èjìká. O rí i lórí aṣọ náà, ó ń gun ọrùn mi bọ̀. O sáré wá, o ń pariwo, "Làmídì! Làmídì!" Ohun tí ìyá àgbà máa ń fi pè mí nígbà tí nǹkan bá le lo gbọ́, òun náà lo fi pè mí. Mi ò wo èjìká mi. Mo gbá ọ létí. Mo ní, "Ta lò ń pè bẹ́ẹ̀? Ẹgbẹ́ rẹ ni mí?" Lẹ́yìn náà ni mo tó wo aṣọ, mo rí i, mo fi bàtà pa á. Ìwọ ń sunkún lẹ́sẹ̀ ògiri. Mi ò bẹ̀ ọ́, mi ò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. O gba ẹ̀mí mi là, mo fi ìgbájú san án. Láti ọjọ́ náà o ò tún pariwo pe àgbà mọ́. Gbogbo agbolé ń yìn ọ́, wọ́n ní ọmọ Làmídì tutù bí omi àmù.

Ìgbájú yẹn ló dì ọ́ lẹ́nu lórí omi, Kàmọ́rù. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," ṣe ni mo tún un kà. Ohùn mi ni mo gbọ́ níbẹ̀. Ohùn tí mo fi lóṣòó lẹ́nu kànga ní Ìrẹsà ni o gbé lọ sórí òkun, èmi ni mo sì dì í fún ọ.

Nítorí náà gba ìdáhùn rẹ: ẹ̀bi rẹ kọ́. Bí ẹlẹ́bi kan bá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mo mọ̀, èmi tó ń kọ̀wé yìí ni. Má gbé e sùn mọ́. Gbé e wá fún mi.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bi ìwọ náà. Kí ni orúkọ rẹ̀? Mo yẹ ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, o ò kọ ọ́. O ní ẹ jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, o ní òun ló fi ewúro há ọ lẹ́nu nígbà tí o ń bì. Bọ̀ọ̀dá, Bọ̀ọ̀dá, Bọ̀ọ̀dá. Bọ̀ọ̀dá ta ni? Lónìí, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo sún mọ́ Àlùfáà, mo ní kó bá mi ṣàdúà fún ẹnì kan tí kò ní sàréè. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ̀?" Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá." Ó wò mí, ó ń dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi náà ń dúró. Sùbúánà Lọ́ọ̀wù! Ojú mi gbóná bí ẹni tó jalè. Wá orúkọ rẹ̀, wá ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wà, ìbáà ṣe Ìlàjẹ, ìbáà ṣe ibikíbi. Ó ní ibì kan tí ìyá kan ti ń retí rẹ̀.

Kí o tún tó gun ọkọ̀ kankan, kọ́ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀, láti orí ọ̀gá dé orí ẹni tó ń se oúnjẹ. Orúkọ gan-an, kì í ṣe Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe Ọ̀gá, kì í ṣe Bàbá Báyìí. Kí ẹ jọ fẹnu kò sí igbe kan tí ẹnikẹ́ni lè ké, tí ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ á sì pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè. Ní ibi tí okùn bá ti wà, kò sí "ẹ jọ̀ọ́", kò sí "ẹ má bínú". Pe ènìyàn lórúkọ, kí o fi gbogbo ọ̀fun rẹ pè é. Bí ó bá ti bọ́ nínú ewu tán, ìgbà náà ni kí o wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí o bẹ̀ ẹ́ pé o pe orúkọ rẹ̀. Bó bá fẹ́, kó gbá ọ létí. Ẹni tó wà láàyè ló lè bínú.

Ìyá rẹ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. N kò fẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó ṣì fẹ́ kí o máa bọ̀ pátápátá. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni ọ́, ìyá tèmi náà sunkún pé kí n má wọ kànga mọ́, mo sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ fún nìyí, ó sì jẹ́ ohun tí bàbá kan kì í bẹ ọmọ rẹ̀.

Wá ṣe Iléyá nílé kí ọkọ̀ yín tó lọ. Èmi yóò jókòó sídìí kànga ẹ̀yìnkùlé, n ó kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí o bá wọlé, má dọ̀bálẹ̀. Má kí mi kú ọdún. Dúró sẹ́nu ọ̀nà kí o pe orúkọ mi. Má pe Bàbá. Làmídì ni kí o pè. Pè é bí ìgbà tí o rí àkeekèé. Pè é kí n ta gìrì. Àwọn ará agbolé á pàtẹ́wọ́, wọ́n á ní ọmọ Làmídì ti ya wèrè ní Èkó. Fi wọ́n sílẹ̀, èmi ni n ó dá wọn lóhùn.

Bí o bá pè mí tí mo ta gìrì, n kò ní dá ọ dúró. Padà sójú òkun rẹ, n ó máa ṣàdúà. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ bá kọ̀, bí o bá dúró síbẹ̀ tó jẹ́ "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́" ló jáde, Kàmọ́rù, tú ẹrù rẹ sílẹ̀. Má lọ mọ́. Èmi àti ìwọ á jọ máa lọ láti ilé ìwé kan sí òmíràn títí wọn yóò fi fún ọ níṣẹ́ tíṣà.

Mo ka ibí yìí fún ìyá rẹ. Ó ní, "Èèwọ̀! Ẹ fẹ́ kí ọmọ pe orúkọ yín ní gbangba?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó wọlé, ó ṣe bí ẹni ń tún ibùsùn ṣe. Ó ti padà wá báyìí. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o mọ orúkọ tòun. Mo ní bóyá ni, ìyá Kàmọ́rù ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ní kí n kọ tòun náà síbẹ̀, kí o lè mọ̀ ọ́n kí o tó dé.

Mi ò fi orúkọ mi parí ìwé sí ọ rí. "Bàbá rẹ" ni mo máa ń kọ.

Làmídì.

Sàrátù.